Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Nínú Fíìmù Ọ̀gá Jìnnìjìnnì

Ọkùnrin kan wà nínú iṣẹ́ fíìmù tó gbà tọkàntọkàn pé etí ọmọ aráyé dà bí ilẹ̀kùn irin, àfi kéèyàn fi òòlù lù ú kó tó ṣí. Olùdarí ni. Fíìmù adẹ́rùbani nìkan ló máa ń ṣe, irú èyí téèyàn á máa wò tí á máa ká ẹsẹ̀ sórí àga. Kò síbi tó dé tí kì í ti búra pé jìnnìjìnnì yóò bo àwọn òǹwòran òun títí wọ́n á fi ṣìnà ilé wọn. Bó ṣe di Ọ̀gá Jìnnìjìnnì nìyẹn. Ó fẹ́ràn orúkọ náà gan-an. Kò mọ̀ pé àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín ni.

Obìnrin tó ń bá a fi ohùn sí fíìmù ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Elétí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Bí ẹsẹ̀ bá dún nínú fíìmù, òun ló fún un ní ìró; bí ilẹ̀kùn bá ké kẹ̀ẹ̀, bí omi bá ń kán tó, tó, tó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé bí ẹ̀fọn bá ń kọrin ní yàrá kejì, Àǹtí Elétí lè sọ bóyá ó ti jẹun àbí kò tíì jẹun.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan. Fóòmù dúdú ló bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ́tìnnì tó nípọn bíi tìmùtìmù sì bo fèrèsé. Fáànù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tàn án bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, torí náà inú òógùn ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ní igun kan, ilẹ̀kùn mẹ́ta wà ní ìdúró tí wọn ò ṣí sí ibì kankan: ọ̀kan onígi, ọ̀kan onírin, ọ̀kan tí wọ́n yọ lára kọ́bọ́ọ̀dù. Àpótí bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti garawa kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́. Àlejò tó bá ṣèèṣì wọlé á rò pé ẹni tó ń ta àlòkù ẹrù ló ń gbé níbẹ̀.

Fíìmù tí wọ́n ń ṣe nígbà náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì kan ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án. Òun nìkan ló ń gbé ilé náà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fi báàgì rẹ̀ kọ́, ó wọ ilé ìdáná, ó mú ife níbi tí abọ́ ti ń gbẹ, ó mu omi, ó fọ ife náà, ó dà á dé padà. Ibi tó ti ń dà á dé ló ti rí i pé ife kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ta ló fi ìyẹn mumi? Níbẹ̀ ni orúkọ fíìmù máa ti jáde. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀gá Jìnnìjìnnì kọ gbogbo ohun tó fẹ́ gbọ́ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí sínú ìwé. Ojú ewé méjì ló kún. Àǹtí Elétí fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ọ̀gá, àrá lẹ kọ síbí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni Ọ̀gá wí. "Èyí tó kẹ́yìn ni kó lágbára jù."

"Oòrùn ń ràn nínú àwòrán yìí o. Obìnrin yìí gan-an ń nu òógùn."

"Àrá inú ọkàn ni."

"Òwìwí ńkọ́? Ọ̀sán gangan ni."

"Òwìwí inú ọkàn lòun náà."

Àǹtí Elétí kà á dé ìsàlẹ̀: ajá tó ń hu, ìjì, agogo, àwọn obìnrin tó ń pohùnréré ẹkún, àyà tó ń lù kìkì, àti dùùrù tí kò gbọ́dọ̀ sinmi. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé èyí kì í ṣe ọkàn mọ́, ọgbà ẹranko ni.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní jẹ́jẹ́. Kọ́kọ́rọ́, bàtà, omi, ó tán. Ẹ jẹ́ kí òǹwòran fúnra rẹ̀ máa na etí. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Òkò tó bá wá ń pariwo bọ̀, ẹyẹ wo ló máa dúró dè é?"

Ọ̀gá Jìnnìjìnnì mí kanlẹ̀ bíi tíṣà tí wọ́n gbé olódo lé lọ́wọ́. "Àǹtí, òwe lẹ̀ ń pa, fíìmù lèmi ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Àwọn òǹwòran ò gbọ́n. Béèyàn ò bá sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rù, ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀?"

Ló bá di pé wọ́n ṣe é bó ṣe wí. Àbúrò ìyàwó Ọ̀gá ló tẹ dùùrù, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó mọṣẹ́ dáadáa kó tó di àna Ọ̀gá. Gbogbo ìgbà tó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ ni Ọ̀gá máa ń jágbe lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Fi ìgbọ̀nwọ́ sí i!" Onídùùrù á fi ìgbọ̀nwọ́ sí i, á wá máa yọ́ Àǹtí Elétí wò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n kó ogún èèyàn jọ sínú yàrá ìwòran kékeré kan láti fi dán an wò. Wọ́n fún kálukú ní ìwé ìbéèrè. Màdáámù tó ni fíìmù, ìyẹn obìnrin tó ń náwó sí i, jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n paná, àwòrán yọ.

Nọ́ọ̀sì ò tíì ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn tí àrá fi sán. Obìnrin kan níwájú fò dìde, ó wo òrùlé, ó rọra jókòó padà. Òwìwí ké. Nọ́ọ̀sì fi báàgì kọ́, àwọn obìnrin figbe ẹkún ta. Ó gbé ife, ajá hu. Ó mumi, ìjì jà. Nígbà tó máa da ife dé, dùùrù bú jáde bí ìgbà tí àjà ilé já lulẹ̀, bàbá arúgbó kan ní ìlà kẹta bá wí ketekete pé, "Ẹ̀ẹ́! Omi lásán lọmọ ọlọ́mọ mu o!"

Ẹ̀rín pa gbogbo yàrá. Àwọn kan ń gbá ara wọn léjìká, ẹnì kan ń wú ikọ́. Nínú gbogbo ogún èèyàn náà, kò sẹ́ni tó rí ife kejì.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé ìbéèrè padà, tí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti béèrè pé kí ló bà yín lẹ́rù jù, ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ìgbà tí mo rò pé sípíkà fẹ́ bẹ́." Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, "Ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹni tí gbogbo ìyẹn ń dún létí rẹ̀ tó ṣì ráyè mumi, akíkanjú ni."

Ọ̀gá Jìnnìjìnnì kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ló bà wọ́n débi tó fi di ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu." Ó kọjú sí Àǹtí Elétí. "Ariwo yẹn ni ò tíì tó. Ẹ bá mi fi ọmọ ìkókó tó ń sunkún sí i."

"Ọmọ ta ni, Ọ̀gá?"

Kó tó dáhùn, Àǹtí Elétí ti gbé báàgì rẹ̀. Ó ti mọ ibi tí ọmọ náà ń gbé: inú ọkàn ni.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Ẹ̀rín tí àwọn èèyàn rín yẹn ò tán létí rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lóòótọ́, Ọ̀gá ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n ta ló fi àrá síbẹ̀? Ọwọ́ ta ló so ajá mọ́ omi mímu? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, wọn ò fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín rí àfi tó bá jẹ́ fíìmù aláwàdà.

Ní Sátidé, ó jókòó sílé, ó ṣe tirẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, nínú ilé àtijọ́ kan tí pákó wà nílẹ̀ rẹ̀. Ìyá ti lọ kí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé dá páropáro. Ó gba ohùn kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, tó wọlé, tó yí, tó dún ká. Ó gba ti báàgì tó ń fara kan ògiri, ti omi tó ń wọ ife, tí ìró rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i bí ife ti ń kún. Ó gbé máìkì sẹ́yìn fíríìjì, ó gba bó ṣe ń kùn hùn-ùn, àti bó ṣe máa ń gbọ̀n díẹ̀ tí á wá dákẹ́ lójijì. Ìgbà tí fíríìjì bá dákẹ́ lèèyàn máa ń mọ̀ pé ó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló fẹ́ fi ohun kan ṣoṣo sí: ẹsẹ̀ kan lókè àjà, ẹsẹ̀ ẹni tó wúwo tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun.

Ó gbìyànjú gbogbo bàtà tó kó wálé nínú àpótí, kò sí èyí tó dún bó ṣe fẹ́. Èyí dún bíi ti sójà, èyí dún bíi ti ọmọléèwé. Nígbà tó yá, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú bàtà bàbá rẹ̀ jáde, bàtà aláwọ kan tí bàbá náà fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Bàbá máa ń tiro díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó kan irin pẹlẹbẹ mọ́ gìgísẹ̀ ti òsì. Àǹtí Elétí kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ bàtà, ó rọra fi ti òsì tẹ pákó. Gbì, irin wá tẹ̀ lé e: ká. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Irun ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ dìde.

Ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé sùúrù lòun ń ṣe. Sùúrù kọ́, ojo ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣú, òjìji nìkan ló kù tó ń rí. Wọ́n ń darí bọ̀ ni fóònù dún: Ọ̀gá ní kó máa bọ̀ kíá, òun fẹ́ gbọ́ ọmọ ìkókó. Kò sẹ́ni tó máa mú Ìyá délé, ni wọ́n bá jọ lọ. Wọ́n gbé àga fún Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn onígi, onídùùrù fún un lómi, Ọ̀gá Jìnnìjìnnì sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ káwọn gbọ́.

Gbogbo rẹ̀ dún: àrá, òwìwí, ajá, ẹkún, ọmọ ìkókó lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, Ìyá yọ ìka létí.

"Ṣé wọ́n ń wó ilé ni?" ló béèrè.

"Rárá o, Mọ́mì," ni Ọ̀gá wí, tó ń fi agbára rẹ́rìn-ín. "Fíìmù ni. Bẹ́ ẹ ò ṣe rí àwòrán rẹ̀ ni ò jẹ́ kó yé yín."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ojú mi ti lọ. Etí ló kù, ìwọ náà sì ti fẹ́ lé e lọ."

Onídùùrù yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ṣe Ọ̀gá bíi kó fèsì, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ dún, ó bọ́ síta. Ilẹ̀kùn ò tíì padé dáadáa tí onídùùrù fi sún mọ́ Àǹtí Elétí.

"Àǹtí, mo rí i nínú kọ̀ǹpútà pé ẹ ṣe òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́, ká gbọ́. Ẹ má bínú sí mi, èmi náà mọ ohun tí mò ń fi ìgbọ̀nwọ́ bàjẹ́."

Àǹtí Elétí wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Kọ́kọ́rọ́. Bàtà. Báàgì. Omi. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Fíríìjì ń kùn lọ hùn-ùn, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò tún gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, lókè: gbì, ká.

Onídùùrù gbójú sókè wo àjà. Bẹ́ẹ̀ ilé náà kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìyá na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn, ó dì í mú ṣinṣin. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ta ló wọ bàtà bàbá ẹ?"

Àǹtí Elétí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Ìyá mi, èmi ni. Ọwọ́ ni mo kì bọ̀ ọ́. Mi ò tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Ẹ̀rù bà á gan-an, ó rò pé òun ti ṣe ohun tí kò ṣeé túnṣe.

Ìyá mí kanlẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Tún un tẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ tún un gbọ́."

Ó tún un tẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, Ìyá rọra mi orí. "Bó ṣe máa ń rìn nìyẹn tó bá pẹ́ níta tí kò fẹ́ kí n mọ̀. Ó rò pé mi ò gbọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mò ń gbọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ẹnì kan tó ń mí lẹ́nu ọ̀nà. Màdáámù tó ni fíìmù ló dé, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí fíríìjì ti ń kùn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wò ó bóyá ó tì.

"Kí lẹ̀ ń fi èyí pamọ́ fún?" ló bi Àǹtí Elétí. "Èyí la máa lò."

Ọ̀gá Jìnnìjìnnì padà dé, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n sọ fún un, ó fò sókè. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó kí wọ́n máa gbọ́ nǹkan tí kò sí?"

"Ẹ jókòó, kí ẹ̀yin náà gbọ́ nǹkan tí kò sí," ni Màdáámù wí.

Ó jókòó, ó ká apá mọ́yà. Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn dún, olúwarẹ̀ fa àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. Gbogbo wọn rí i. Ó wúkọ́. "Ó dára díẹ̀," ló wí. "Bóyá ká kàn fi àrá kékeré kan…"

"Rárá," ni ẹni mẹ́rin wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ló pariwo jù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé fíìmù náà jáde nínú gbọ̀ngàn sinimá ńlá kan ní ọ̀sán Sátidé. Irínwó èèyàn ló wà níbẹ̀. Àǹtí Elétí àti ìyá rẹ̀ jókòó sí àárín. Ọkùnrin kan níwájú wọn ń tú bébà lára súìtì nígbà tí fíríìjì dákẹ́, ó sì dá ọwọ́ dúró síbẹ̀; ó tijú ìró bébà. Ẹsẹ̀ dún lókè. Obìnrin kan rọra wí pé, "Jáde, ìyá, jáde níbẹ̀." Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí ife kejì, gbogbo gbọ̀ngàn gbé igbe kan ṣoṣo. Àǹtí Elétí ò wo àwòrán rárá. Ó kàn di ojú, ó ń gbọ́ irínwó èèyàn tí wọ́n gbàgbé láti mí.

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọ̀gá Jìnnìjìnnì ní tirẹ̀ kó ọgbọ́n Àǹtí Elétí lódindi, kò ṣẹ́ ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí fíìmù parí, ó gun orí pèpéle, ó gba máìkì. "Ìdákẹ́jẹ́ ni ìyá ẹ̀rù," ló wí. "Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá àwọn òṣìṣẹ́ mi jà kí wọ́n tó gbà. Ariwo ni wọ́n fẹ́!" Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àna rẹ̀ fún orin àgbàyanu tí kò kọ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún onídùùrù, ó dìde, ó tẹríba, ojú ń tì í bíi kí ilẹ̀ lanu. Àwọn orúkọ ń kọjá lójú aṣọ àwòrán lẹ́yìn Ọ̀gá. Àǹtí Elétí rí tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín awakọ̀ àti ẹni tó ń yá wọn ní àga, lábẹ́ "Àwọn tó tún ràn wá lọ́wọ́."

Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ó rò pé jẹ́jẹ́ lòun sọ̀rọ̀. "Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń wó ilé lọ́jọ́sí nìyí? Ibo ló gbé ajá rẹ̀ sí?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́, ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú. Ọ̀gá Jìnnìjìnnì ń wá ibi tí ohùn náà ti wá, ó sì rí i, ló bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ tẹ̀ lé e. Obìnrin akọ̀ròyìn kan yà sí ìdí àga Ìyá lẹ́yìn náà, ó bi í pé ajá wo? Ìyá sọ fún un látòkè délẹ̀, ó fi iyọ̀ sí i níbi tó bá yẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó jáde nínú ìwé ìròyìn, tòun ti àwòrán Ìyá tó fi ọwọ́ sétí. Màdáámù pàṣẹ kí wọ́n tún ìparí fíìmù ṣe, kí wọ́n kọ orúkọ Àǹtí Elétí sí ojú ewé tirẹ̀, òun nìkan.

Ọ̀gá Jìnnìjìnnì wá owó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó ṣe fíìmù tuntun. Ní báyìí tó ti mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ lèrè, ó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí mọ́tò méjì ń lé ara wọn gba àárín ìgboro kọjá, tí ohunkóhun ò dún. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú karùn-ún, ìdajì àwọn òǹwòran ti wà níta lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó lọ wo ẹ̀rọ, ó ti bàjẹ́.

Ní tirẹ̀, Àǹtí Elétí ń bá Màdáámù ṣe fíìmù mìíràn, ti ọkọ̀ ojú omi kan tí ẹni tó ń tún ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣe pòórá láàárín òkun. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá máa ń bá a lọ síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rán an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń wá ìró okùn tó ń fà mọ́ igi nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Àǹtí Elétí fa okùn náà lẹ́ẹ̀mẹfà, onídùùrù di òpin kejì mú.

"Okùn gbígbẹ nìyẹn," ni Ìyá wí láti orí àga rẹ̀. "Ṣé orí ilẹ̀ lọkọ̀ yín ń rìn ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Onídùùrù gbé okùn, ó lọ wá omi.